Káńfọ̀, Ibà Pọ́njú àti Etí Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Sọ Ní Ìpàdé Gbogboògbò

  

Ìyálọ́jà ló ní ká wá sọ̀rọ̀ lónìí. Wọ́n mọ ohun tí ojú wa rí nílé, wọ́n sì ní kò yẹ kó parí sínú yàrá wa. A ti kọ ọ́ sínú ìwé kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́n ká lẹ́nu wa. Pírámárì mẹ́fà péré la kà, bí a bá ṣi nǹkan kan pè, ẹ bá wa fara dà á. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ wa ni, èyí tí gbogbo yín ń pè ní Bàbálọ́jà. Ẹni tó bá ti gba ìlà àwa aláṣọ ọmọdé kọjá á ti rí i, tó jókòó sórí àpótí, tí nǹkan kékeré kan há sẹ́yìn etí rẹ̀ méjèèjì, tó ń na ìka sí àwọn oníbàárà. Àwọn kan nínú yín ti bi wá pé ṣé fóònù lọmọ yìí ń gbọ́ látàárọ̀ ni. Kì í ṣe fóònù o.

Ní 2017 ni ìyàwó ọmọ wa bí i, nílé ìgbẹ̀bí kan tí kò jìnnà sí àdúgbò. Ọmọ náà ké dáadáa, ó tóbi, ó sì ń mu ọmú bí ẹni wọ́n jẹ lówó. A jó, a yọ̀. Àwa tí à ń ta aṣọ ọmọ tuntun láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọge, ṣé ọmọ tiwa ni kò wá ní rí aṣọ gidi wọ̀? Láti ìgbà tí oyún ti pé oṣù márùn-ún la ti ń ṣa èyí tó dára jù nínú bélì òkìrìkà pamọ́ fún un. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ òtútù, nápíkìnì, gbogbo ẹ̀ la kó sínú àpótí kan, a sì da káńfọ̀ sí i. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Ẹ̀yin náà mọ bí aáyán ṣe ń ba aṣọ jẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa nìyẹn, àpótí tí kò bá ti ń run káńfọ̀, a máa ń sọ pé ẹni tó ni ín kò mọ ìtọ́jú ni.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé láti ilé ìgbẹ̀bí, ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti dé àyà àti ikùn, awọ rẹ̀ wá rí bí iyeyè tó pọ́n. A ní ibà pọ́njú lásán ni, gbogbo ìkókó ló ń ṣe é. A gbé e sí oòrùn àárọ̀, a po gúlúkóòsì fún un mu. Ìyàwó wa kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù." A bi í pé ọmọ mélòó ló ti bí tó fi ń kọ́ wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta wá lára títí di òní.

Lọ́jọ́ kárùn-ún ó kọ ọmú. Igbe rẹ̀ yàtọ̀, ó ń han gooro bíi ti ológbò, ara rẹ̀ sì ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ká tó dìde. Dókítà tó gbà á lọ́wọ́ wa kò tilẹ̀ jẹ́ ká jókòó. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bo ojú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù kan. Nígbà tó di òru, wọ́n ní iná nìkan ò tó mọ́, àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ń fa tàtijọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi tuntun rọ́pò. Ọmọ wa ọkùnrin ń sáré ẹ̀jẹ̀ kiri ìgboro, àwa àti ìyàwó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, a ò lè wo ojú ara wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀jẹ̀ pupa inú ara a máa gbó, á máa fọ́, bó bá sì ti fọ́, ó ń sọ nǹkan kan tó pọ́n sílẹ̀ nínú ara. Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì gbó, ìyẹn ni ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun fi ń pọ́n díẹ̀, tó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́ jù, nǹkan pípọ́n yẹn á pọ̀ kọjá agbára ẹ̀dọ̀, á wá gun orí lọ. Bó bá dé ọpọlọ, ó lè pa ọmọ, ó lè rọ ọmọ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì lè ba okùn tó ń gbé ìró láti etí lọ sí ọpọlọ jẹ́. Oòrùn àárọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò lè ṣe iṣẹ́ iná búlúù yẹn. Gúlúkóòsì kò lè ṣe nǹkan kan sí i rárá, ṣe ló ń gba ààyè ọmú nínú ikùn ọmọ.

Dókítà wá béèrè pé, "Kí lẹ fi tọ́jú aṣọ ọmọ yìí? Ṣé ẹ fi káńfọ̀ sí i?"

Ìyàwó wa wò wá. A ní, "Rárá o, dókítà."

Irọ́ la pa. Ká má fi bò. A gbọ́ bí wọ́n ṣe béèrè ọ̀rọ̀ náà, a sì mọ̀ pé bí a bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, àwa la fọwọ́ ara wa fà á. Ìyàwó wa mọ àpótí náà dáadáa, ó mọ òórùn rẹ̀, àmọ́ ọmọ ilé rere ni, kò lè já ìyá ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú dókítà. Lálẹ́ ọjọ́ náà a sáré délé, a kó gbogbo aṣọ yẹn sínú omi ọṣẹ, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a sá a fún ọjọ́ mélòó kan, òórùn náà ṣì ń jáde. Níkẹyìn a lọ ra òmíràn tí káńfọ̀ ò kàn rí.

Ohun tó wà nídìí ìbéèrè yẹn ni pé àwọn ọmọ kan wà tí ohun kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun náà ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa kó má baà tètè fọ́. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàrin àwa Yorùbá, lára ọmọkùnrin ló sì ti ń jà jù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dàgbà kó má mọ̀ pé òun ní in. Ṣùgbọ́n bó bá mí káńfọ̀ símú, tàbí tí aṣọ káńfọ̀ bá kan awọ ara rẹ̀ tó ṣì tútù, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Wọ́n ṣàyẹ̀wò Bàbálọ́jà, ó ní in. Lọ́dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ìyá náà kò sì mọ̀ pé òun gbé e. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó, káńfọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ tiwa. Dókítà ní kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé káńfọ̀ nìkan ló fà á, pé ojú ọmọ náà ì bá pọ́n díẹ̀ bó ti wù kó rí. Àmọ́ ẹni tó dá a sí i mọ ohun tó dá.

Wọ́n dá wa sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ BCG, èyí tó máa ń fi àpá sílẹ̀ lápá. A bá àwọn ọmọbìnrin méjì níbẹ̀ tí wọ́n mú ẹ̀rọ kan dání tí kò ju fóònù lọ, wọ́n ń wo etí àwọn ìkókó lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ki rọ́bà kékeré kan bọ etí rẹ̀ bó ṣe ń sùn. Ẹ̀rọ náà á ju ìró wẹ́rẹ́ sínú etí, bí inú etí bá pé, á dá ìró náà padà bí ìgbà tí èèyàn bá pariwo sínú kànga, ẹ̀rọ á sì gbọ́ ọ. Ti ọmọ wa dáhùn. Wọ́n ní ó yege.

A ti ń pọ̀n ọ́n ká máa lọ ni ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ṣé ọmọ yìí ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Ìyàwó wa sọ ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀. Ojú ọmọbìnrin náà yí padà. Ó mú bírò, ó kọ ìwé fún wa, ó ní ẹ̀rọ tòun ò tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé etí lè dára kí okùn ẹ̀yìn etí má dára, àfi ká lọ sí ọsibítù ńlá tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wo ibẹ̀. Àwa ò fẹ́ lọ. A ní ṣebí ẹ̀rọ ti ní ó yege, àbí owó ni wọ́n tún fẹ́ gbà? Ìyàwó wa kò bá wa jiyàn. Lọ́jọ́ ọjà gan-an, tí a ti jáde, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Bàbálọ́jà ti pé oṣù mẹ́ta nígbà náà. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn etí rẹ̀, wọ́n ń fi ìró sí i létí, wọ́n ń wò ó bóyá ìró náà dé ọpọlọ. Kò dùn ún, ó ń sùn ni. Ìlà tó yẹ kó máa gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kàn nà gbọọrọ ni. Bí wọ́n ṣe wí fún ìyàwó wa ni pé etí ọmọ ń gba ìró o, ṣùgbọ́n okùn tó ń gbé e lọ ń gbé e ségesège, bíi rédíò tí kò mú sítéṣọ̀n dáadáa. Lọ́jọ́ kan á mú díẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn á máa hó lásán.

A ò gbà. Ẹ wo bí a ṣe ń dán an wò nílé: a óò lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, a óò lu abọ́, bó bá ti yíjú báyìí, a óò ní ṣé ẹ rí i, irọ́ ni dókítà ń pa. Kò yé wa pé òjìji wa ló rí, tàbí pé ilẹ̀ tó mì ló mọ̀ ọ́n lára. Bí ọmọ yín bá jẹ́ irú èyí, ẹ má fi abọ́ dán an wò, ẹ óò tan ara yín jẹ. Gbogbo ohun tí ayé ní ká ṣe la ṣe. Wọ́n ní ká da àdín gbígbóná sí i létí, a dà á, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí kò jó o. Ẹnì kan ní ká wá omi tí ayékòótọ́ mu kù fún un. A rìn dé ẹ̀yìn odi ìlú nítorí ayékòótọ́, àwa àgbà!

Nígbà tó wá di pé àwọn ará ilé gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Àwọn àbúrò ọkọ wa ní kò sí adití ní ìdílé tiwọn rí, kí wọ́n lọ wádìí ilé ìyàwó. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó ti jẹun kan tí kò yẹ nínú oyún. Wọ́n ní kó lọ sí orí òkè lọ jẹ́wọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ń sunkún lójoojúmọ́, ó ń rù. Gbogbo bó ṣe ń lọ yìí, àwa jókòó láàrin wọn, a dákẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday kan a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a bá báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ń gbé ọmọ òun lọ sọ́dọ̀ ìyá òun, pé ibẹ̀ ni wọn ò ti ní máa wo òun bí àjẹ́. Inú wa là gààrà. A pe ọkọ rẹ̀, a pe àwọn àbúrò ọkọ wa, a ní kí wọ́n jókòó. A gbé àpótí aṣọ náà jáde sáàrin ilé, a ṣí i, káńfọ̀ tó kù ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A ní, "Ẹ̀yin ń wá àjẹ́. Òun rèé. Àwa la kó o síbẹ̀, àwa la sì purọ́ fún dókítà." Kò sẹ́ni tó lè fèsì. Ìyàwó wa bú sẹ́kún, àwa náà bú sẹ́kún. Báàgì yẹn, ọkọ rẹ̀ ló gbé e padà sí yàrá.

Láti ọjọ́ náà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe yẹ. Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí i létí. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ etí ọmọdé ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n wo etí ọmọ kó tó pé oṣù 1, kí wọ́n ti mọ̀ dájú kó tó pé oṣù 3, kí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́ kó tó pé oṣù 6. Ìdí ni pé ọpọlọ ọmọ kò dúró de ẹnikẹ́ni, ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló fi ń gbá ọ̀rọ̀ jọ. Bó bá kọjá kó tó rí èdè kan gbá mú, yálà ti ẹnu tàbí ti ọwọ́, kíkọ́ rẹ̀ á di iṣẹ́ ńlá. Ibi tí a ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà lò nìyẹn. A máa ń pe irú ọmọ yìí ní odi. Kì í ṣe odi. Ahọ́n rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá gé nǹkan lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ohun tí kò gbọ́ ni kò lè sọ.

Owó ẹ̀rọ náà ju owó bélì òkìrìkà méjì lọ nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yìí ló yá wa, oṣù 18 la fi san án, ẹ ṣeun. Rírà rẹ̀ sì ni ìbẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tó wọ inú etí, bí ọmọ ṣe ń dàgbà ló ń há, tàbí kó máa yọ̀, á máa súfèé fíìì, afi kí wọ́n ṣe òmíràn. Lọ́dún àkọ́kọ́ lemọ́lemọ́ ni. Bátìrì rẹ̀ kò ju ẹ̀wà kan lọ. Ó ní bébà kékeré lára, bí ẹ bá ti ṣí bébà yẹn, bátìrì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, ẹ lò ó, ẹ ò lò ó, á máa tán lọ ni. Àwa ò mọ̀, a ṣí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan torí ká lè kà á. Owó ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin ló wọlé lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ ká kìlọ̀ níbí: bátìrì kékeré, yálà ti ẹ̀rọ etí ni o, ti agogo ni o, ti ohun ìṣeré Ṣáínà tí a ń tà lọ́jà yìí ni o, bí ọmọ bá gbé e mì, láàrin wákàtí 2 ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tó máa yàgbẹ́ rẹ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Òógùn ni ọ̀tá ẹ̀rọ náà. Nínú ọjà wa yìí, pẹ̀lú oòrùn yìí, ìrọ̀lẹ́ kan kì í lọ kó má tutù. Àwọn ìyá oníbàtà ló gbà wá. Ẹ mọ àpò kékeré oníyanrìn tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé kí èèyàn má jẹ ẹ́? Omi ló ń fà. Wọ́n ń ṣa á pamọ́ fún wa, a ń kó o sínú ike tó ní ìdérí, inú ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń sùn lálẹ́.

Ṣé ó wá ń gbọ́ báyìí? Ẹ máa ń bi wá. Nílé, bí gbogbo ibi bá dákẹ́ rọ́rọ́, ó ń gbọ́ púpọ̀, ó sì ń pe orúkọ wa. Ní ọjà, tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ké, tí àwọn tó ń lọ ata tan ẹ̀rọ wọn, tí àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti dàrú mọ́ ọn létí nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í ṣe ògùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká kọ́ èdè ọwọ́ mọ́ ọn. Àwa kọ́kọ́ rò pé yóò ya ọ̀lẹ láti sọ̀rọ̀, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọmọ tó bá ti ní èdè kan á rí ẹsẹ̀ gbé sórí èkejì.

Ẹ tún gbọ́ nǹkan kan tí a ò ronú kàn rí. Ẹnì kan ní kí ọmọ máa wo ẹnu wa. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ dúró síwájú dígí nílé, ẹ sọ "bàbá," ẹ sì sọ "màmá." Ẹnu yín á rí bákan náà gẹ́lẹ́. Ẹ sọ "igba," ẹ sọ "igbá," ẹ sọ "ìgbà." Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹnu ò sì fi ohùn hàn. Èdè Yorùbá tiwa yìí, inú ọ̀fun ni ìdajì rẹ̀ wà. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, tí gbogbo wa fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ìwọ̀nba tó ń rí kà náà tún lọ. Odidi oṣù ni ọmọ náà fi ń bínú sí gbogbo èèyàn. Ọwọ́ ló gba ilé wa là lọ́dún náà.

Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn nílé-ìwé, láti Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Andrew Foster, tí àrùn yírùnyírùn di tirẹ̀ létí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, ló kó o wá. Ó dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dé Ìbàdàn wa níbí ní 1960. Adití ló kọ́ adití níwèé. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan tiwa kan kò sí níbẹ̀, a ń ṣe tiwa mọ́ ọn nílé. Bí a bá fẹ́ pe ewédú, a ó yí ọwọ́ bí ẹni tó ń lo ìjábẹ̀. Ó yé e, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ò rọrùn. Aládàáni kan lé e padà lẹ́nu géètì, wọ́n ní àwọn òbí tó kù ò ní fẹ́. A ò mọ̀ nígbà náà pé òfin wà. Ní January 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya ẹni tó ní àbùkù ara sọ́tọ̀, tó sì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì. Ilé-ìwé àwọn adití ló ń lọ báyìí. Ó mọ ìṣirò ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fún un ní owó tó dín, ẹ óò rí ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí Ìyálọ́jà fẹ́ ká fi yé yín kù díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2021 pé nínú ọmọdé 10 tí kò gbọ́ràn dáadáa, ti bíi 6 ni ì bá ṣeé dènà. Ibà pọ́njú wà lára rẹ̀, yírùnyírùn wà níbẹ̀, ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, etí tó ń ṣọyún tí a ò tọ́jú, àti àwọn abẹ́rẹ́ líle bíi gentamicin tí ẹlòmíràn ń lọ gbà ní kẹ́míìsì láìrí dókítà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà nínú ìwọ̀nyí, kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí, kó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn bí ìyàwó wa ṣe sọ ọ́. Bí ẹ̀rọ kékeré bá ní ó yege, ẹ béèrè èyí tó ń wo ọpọlọ. UCH ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, LUTH ní Èkó náà ní in, àti ọsibítù yunifásítì Ifẹ̀. Dókítà Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde ní 2008 lórí àwọn ìkókó tí wọ́n yẹ etí wọn wò níbi tí wọ́n ti ń gba BCG ní Èkó. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í bímọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n a máa ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ máa béèrè níbi tẹ́ ẹ ti ń gba tiyín.

Ó ku káńfọ̀. Ìgbìmọ̀ ti bá àwọn tó ń tà á lọ́jà wa jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ṣé a fẹ́ pa ọjà wọn ni. A ò sọ pé kí wọ́n má ta káńfọ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé bí olóyún tàbí ẹni tó gbé ọmọ bá wá rà á, kí wọ́n bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe, bó bá ní aṣọ ọmọ ni, kí wọ́n má tà á fún un. Àwa aláṣọ ọmọdé, láti oṣù tó ń bọ̀, kò gbọdọ̀ sí káńfọ̀ nínú àpótí tàbí lórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Aṣọ tí a bá fọ̀, tí oòrùn gbẹ ẹ́ dáadáa, tí a dì sínú ọ̀rá tó mọ́, kòkòrò kì í tètè dé ibẹ̀. Owó ìtanràn tí a dá, ẹ óò rí i lára pátákó ẹgbẹ́. Àwa la ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wá tú àpótí wa wò.

Ìyàwó wa rèé lẹ́yìn yẹn, òun ló gbé báàgì pupa. Bàbálọ́jà ló ń fa aṣọ rẹ̀ pé ká máa lọ. Tí ìpàdé bá ti tú, wọ́n á dúró díẹ̀ láti fi ọwọ́ owó hàn wá, igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rún, àti "ó wọ́n" àti "gbà á, ó di tìẹ." Àwọn ẹlẹ́ja la ó fi bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ló ń pariwo jù.